Bàtà, Ìrìn àti Orúnkún tó ń Dùn: Ohun tí Ìwádìí Fi Hàn

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ẹni tí orúnkún ń dùn kì í rí ẹni tí yóò wo bàtà rẹ̀. Yóò ká ìró tàbí ṣòkòtò rẹ̀ sókè, yóò fi ìka tọ́ka sí ibi tí ó ń ro ó, wọn yóò tẹ orúnkún náà wò, wọn yóò ní kí ó lọ ya àwòrán eegun, wọn yóò sì kọ oògùn ìrora fún un. Bàtà tí ó wọ̀ wá wà lábẹ́ àga, ó ti jẹ lápá kan, okùn rẹ̀ ti já, kò sì sí ẹni tí ó béèrè nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bàtà yìí ni ó ń bá ilẹ̀ pàdé ní gbogbo ìgbà tí aláìsàn náà bá gbé ẹsẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lóòjọ́, ohun tí ó bá sì ṣẹlẹ̀ láàárín bàtà àti ilẹ̀ ń gòkè dé orúnkún.

Ó ti tó ogún ọdún báyìí tí àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà, Ọsirélíà, Brazil àti Switzerland ti ń wádìí bóyá bàtà tí a dìídì ṣe lè mú kí ẹni tí orúnkún ń dùn rìn dáadáa, kí ìrora rẹ̀ sì dín kù. Ìdáhùn tí wọ́n rí kò rí bí wọ́n ti kọ́kọ́ retí rẹ̀, ó sì kan àpò aláìsàn gẹ́gẹ́ bí ó ti kan orúnkún rẹ̀. A kọ ìwé yìí fún òṣìṣẹ́ ìlera tí ń gba aláìsàn nímọ̀ràn, àti fún aláìsàn fúnra rẹ̀.

Irú àrùn wo nìyí?

Àrùn tí à ń sọ ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní osteoarthritis. Nínú ìwé ìlera, aromọléegun ni wọ́n sábà ń pè é. Nílé àti lọ́jà, làkúrègbé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ kejì yìí gbòòrò ju àrùn náà lọ, nítorí ìrora ẹ̀yìn pẹ̀lú ń jẹ́ làkúrègbé, ìrora iṣan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, oríkèé tí ó wú nítorí irú àrùn mìíràn tún ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ ìlera tí ó bá gbọ́ làkúrègbé lẹ́nu aláìsàn gbọ́dọ̀ tún béèrè pé: níbo ni, láti ìgbà wo, ṣé bí ẹ bá jí lówùúrọ̀ ni ó ń le jù, tàbí bí ẹ bá rìn?

Nínú orúnkún tí ara rẹ̀ dá, ìbòrí kan wà lórí ẹnu eegun méjèèjì tí ó pàdé, ó rọ̀, ó ń dán, ó sì ń yọ̀, tí eegun kan fi lè máa yí lórí èkejì láìsí wàhálà. Bí àrùn yìí bá dé, ìbòrí náà yóò máa fẹ́lẹ́, yóò sì máa ya. Eegun abẹ́ rẹ̀ yóò máa nípọn sí i, eegun kéékèèké yóò máa hù létí oríkèé, inú oríkèé lè wú, iṣan itan yóò sì máa rẹ̀yìn nítorí pé aláìsàn kò fẹ́ lò ó mọ́. Gbogbo oríkèé ni àrùn náà ń bá fà á, kì í ṣe ìbòrí yẹn nìkan. Kì í sì í ṣe ọjọ́ ogbó lásán, bí a ti máa ń sọ fún àwọn ìyá wa kí a lè tètè dá wọn padà sílé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, nǹkan bí mílíọ̀nù 528 ènìyàn ni ó ní àrùn yìí kárí ayé, ó sì ti ju ìlọ́po méjì iye tí ó wà ní ọdún 1990 lọ. Orúnkún ni ó ń bá jà jù: mílíọ̀nù 365 ènìyàn ni ó ní in níbẹ̀. Nínú ẹni 100 tí àrùn náà ń ṣe, nǹkan bí 60 jẹ́ obìnrin, nǹkan bí 73 sì ti kọjá ọmọ ọdún 55.

Bí ẹrù ṣe ń gba orúnkún kọjá

Ẹ wo táyà ọkọ̀ akérò tí aláínmẹ́ǹtì rẹ̀ ti yẹ̀. Kì í jẹ yíká. Etí kan ni yóò jẹ tán tí wáyà yóò fi yọ, nígbà tí etí kejì ṣì dà bíi tuntun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orúnkún ọ̀pọ̀ aláìsàn rí nínú àwòrán eegun: apá inú, ìyẹn apá tí ó kọjú sí orúnkún kejì, ti sún mọ́ra pátápátá, apá òde sì ṣì ní ààyè.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ ilẹ̀, ilẹ̀ pẹ̀lú ń ti ẹsẹ̀ padà sókè. Agbára tí ilẹ̀ fi ń ti ẹsẹ̀ yìí kì í gba àárín gbùngbùn orúnkún kọjá. Ẹ̀gbẹ́ inú ni ó sábà máa ń gbà. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí a bá ń rìn, apá inú orúnkún ni ó ń ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Bí apá yìí bá sì ti ń jẹ, ẹsẹ̀ a máa tẹ̀ síta bí ọrun, títẹ̀ yìí a sì tún mú kí ẹrù apá inú pọ̀ sí i. Ní yàrá ìwádìí, wọ́n máa ń wọn ẹrù yìí pẹ̀lú kámẹ́rà tí ó ń tẹ̀ lé ìrìn ènìyàn, àti pẹ̀lú àwo irin tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀, tí ó ń sọ iye agbára tí ẹsẹ̀ fi tẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé bàtà lè yí iye yìí padà. Ìwádìí kan tí ó jáde nínú The Lancet ní ọdún 1998 fi han pé bí àwọn obìnrin 20 tí ara wọn le bá wọ bàtà gogoro, ẹrù orí orúnkún wọn ń fi nǹkan bí ìdá 23 nínú 100 pọ̀ ju ìgbà tí wọ́n bá rìn láìwọ bàtà lọ. Ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ó yà wọ́n lẹ́nu.

Láti Chicago: bàtà tí ó ń tẹ̀ bí ẹsẹ̀

Ní Rush University ní ìlú Chicago, Dókítà Najia Shakoor àti Dókítà Joel Block ní kí ẹni 75 tí ó ní àrùn orúnkún yìí rìn pẹ̀lú bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì tún rìn láìwọ bàtà rárá. Bàtà ìrìn dáadáa ni wọ́n wọ̀ wá. Kì í ṣe bàtà gogoro. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bọ́ ọ, ẹrù apá inú orúnkún fi nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 dín kù. Èsì yìí jáde ní ọdún 2006. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí kan náà fi oríṣiríṣi bàtà wé ara wọn lẹ́sẹ̀ ẹni 31. Sálúbàtà onírọ́bà tí a ń ki ìka bọ̀ àti bàtà pẹlẹbẹ tí ó ń tẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí àìwọ bàtà. Bàtà onígi tàbí onírọ́bà líle tí kò lẹ́yìn, àti bàtà eré ìdárayá tí ó le, tí ó nípọn, ni ó mú kí ẹrù pọ̀ sí i.

Wọ́n wá ṣe bàtà kan tí ó fẹ́ ṣe bí ẹsẹ̀ lásán: ó fúyẹ́, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò ga, wọ́n sì la ojú ìlà sí ìdí rẹ̀ níbi tí oríkèé ẹsẹ̀ wà kí ó lè máa tẹ̀ bí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀. Àwọn 16 tí wọ́n tẹ̀ lé fún ọ̀sẹ̀ 24 wọ̀ ọ́. Nígbà tí àkókò náà pé, ẹrù orúnkún wọn nínú bàtà náà fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 kéré sí ti ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú bàtà tiwọn. Ohun tí ó wúni lórí jù ni pé nígbà tí wọ́n bọ́ bàtà náà sílẹ̀ tí wọ́n rìn lásán, ẹrù náà ṣì kéré sí ti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ wọn ti kọ́ ìrìn mìíràn. Ọdún 2013 ni èyí jáde. Àmọ́ ẹni 16 kéré, kò sì sí ẹgbẹ́ mìíràn tí ó wọ bàtà lásán tí a lè fi wọ́n wé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí èdè lè ṣi aláìsàn lọ́nà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, “bàtà tó rọ̀” ni mo kọ. Mo kà á fún ìyá mi, wọ́n ní àwọn ti ní irú rẹ̀, wọ́n sì mú sálúbàtà onífóòmù kan jáde, ìdí rẹ̀ nípọn bíi búrẹ́dì. Èmi ni mo ṣì í. Bàtà tí ó rọ̀ bíi tìmùtìmù yàtọ̀ sí bàtà tí ó ṣeé tẹ̀ kọrọdọ. Ti àkọ́kọ́ ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀. Ti èkejì lè fẹ́lẹ́, kí ilẹ̀ sì le lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀, òun náà yóò tẹ̀. Èkejì ni Chicago ń sọ. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, bí ẹ bá sọ fún aláìsàn pé kí ó wọ bàtà tí ó rọ̀, ẹ rí i dájú pé èyí tí ẹ ní lọ́kàn ni ó gbọ́.

Ní São Paulo, àwọn olùwádìí kò ṣe bàtà tuntun kankan. Wọ́n mú bàtà kànfáàsì kan tí àwọn obìnrin àgbàlagbà ibẹ̀ ń rà lówó pọ́ọ́kú, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n pín àwọn obìnrin 56 tí ó ní àrùn orúnkún sí ọ̀nà méjì. Ìdajì wọ bàtà náà, ó kéré tán wákàtí mẹ́fà lóòjọ́, fún oṣù mẹ́fà, ìdajì kejì kò yí bàtà wọn padà. Ìrora àwọn tí ó wọ̀ ọ́ dín kù ju ti àwọn yòókù lọ. Èyí jáde ní ọdún 2015, ó sì dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú nítorí pé kò sí ìlú tí a kò ti lè rí irú bàtà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn ṣá pé ẹgbẹ́ kejì kò gba bàtà kankan. Ẹni tí a fún ní nǹkan tuntun tí a sì ń bi léèrè bí ara ti rí, ara rẹ̀ máa ń yá díẹ̀ nítorí ìyẹn nìkan.

Melbourne dá ọ̀rọ̀ náà padà

Títí di ìgbà yìí, àlàyé náà gún régé. Ẹrù ni ó ń ba orúnkún jẹ́. Bàtà tí ó fẹ́lẹ́ ń dín ẹrù kù. Nítorí náà bàtà tí ó fẹ́lẹ́ yóò dín ìrora kù. Ibi “nítorí náà” yìí ni ó ti bàjẹ́.

Ìkìlọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti máa ń ṣe ìtẹ́lẹ̀ bàtà kan tí etí òde rẹ̀ ga ju etí inú lọ, kí ó lè ti ẹsẹ̀ díẹ̀ síhìn-ín kí ẹrù sì kúrò ní apá inú orúnkún. Ní yàrá ìwádìí, ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí àwọn olùwádìí ní Melbourne, ní Ọsirélíà, fún àwọn kan nínú ẹni 200 ní irú rẹ̀ tí wọ́n sì fún àwọn yòókù ní ìtẹ́lẹ̀ pẹlẹbẹ lásán, oṣù 12 kọjá, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn: ìrora ṣe déédéé, eegun inú orúnkún náà sì ṣe déédéé. Èyí jáde nínú ìwé ìròyìn BMJ ní ọdún 2011. Bàtà odindi tí wọ́n ṣe lọ́nà yìí tún jáde ní ọdún 2016, òun náà kò sì borí bàtà ìrìn lásán.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi irú bàtà méjì tí à ń rà lọ́jà dojú kọ ara wọn ní gbangba. Ẹni 164 tí wọ́n ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, tí àrùn orúnkún wọn ti le díẹ̀ tàbí le gan-an, ni wọ́n ṣẹ́ gègé fún. Ẹni 82 gba bàtà pẹlẹbẹ tí ó ń tẹ̀, ẹni 82 gba bàtà tí ó dúró sán-ún: ìdí rẹ̀ nípọn, kò ṣeé lọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó sì gbé ikùn àtẹ́lẹsẹ̀ ró. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán lóòjọ́, oṣù mẹ́fà gbáko.

Bàtà tí ó dúró sán-ún ni ó borí. Lórí òṣùwọ̀n ìrora tí ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo dé mẹ́wàá, ìrora tí àwọn tí ó wọ̀ ọ́ ń ní bí wọ́n bá ń rìn fi nǹkan bí ojúmọ̀ 1.1 dín kù ju ti àwọn oníbàtà pẹlẹbẹ lọ. Nínú ẹni 100 tí ó wọ bàtà tí ó dúró sán-ún, 58 ni ìrora rẹ̀ dín kù dé ibi tí ènìyàn fi lè mọ̀ ọ́n lára. Nínú ẹni 100 tí ó wọ pẹlẹbẹ, 40 ni. Àwọn oníbàtà pẹlẹbẹ tún ní ìpalára tí ó pọ̀ jù, bí orúnkún tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn sí i: 26 nínú 82, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 12. Annals of Internal Medicine ni ó tẹ èsì yìí jáde ní ọdún 2021.

Ẹ kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bàtà tí yàrá ìwádìí ti sọ pé ó ń fi ẹrù kún orúnkún ni ó dín ìrora kù jù. Ẹrù tí ẹ̀rọ ń wọn nínú ìrìn ìṣísẹ̀ mélòó kan, àti ìrora tí ènìyàn ń gbé kiri láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tí bàtà rẹ̀ dì í mú dáadáa lè rìn láìbẹ̀rù. Ní ojú tèmi, ìwádìí Melbourne ti ọdún 2021 yìí ni ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera kọ́kọ́ gbé ìmọ̀ràn rẹ̀ kà, nítorí pé aláìsàn ni ó bi léèrè, kì í ṣe àwo irin inú ilẹ̀.

Bàtà olówó gọbọi ńkọ́?

Bàtà kan wà tí wọ́n máa ń so nǹkan roboto méjì mọ́ ìdí rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí oníṣẹ́ ìlera yóò sún síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ìrìn aláìsàn yóò fi bọ̀ sípò. Ní ìlú Bern, ní Switzerland, wọ́n dán an wò lára ẹni 220 fún ọ̀sẹ̀ 24. Àwọn kan wọ ojúlówó rẹ̀, àwọn kan wọ èyí tí ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní ọgbọ́n kankan nínú. Ìrora ẹgbẹ́ méjèèjì dín kù. Ti àwọn tí ó wọ ojúlówó fi 1.3 dín kù jù, lórí òṣùwọ̀n òdo sí mẹ́wàá, bí JAMA ti ròyìn rẹ̀ ní ọdún 2020. Àwọn olùwádìí náà fúnra wọn kọ ọ́ pé kò tíì dájú bóyá ìyàtọ̀ yìí tó nǹkan nínú ayé aláìsàn. Ẹ wá fi wé ti Melbourne: ìyàtọ̀ tí bàtà ìrìn tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù mú wá kò jìnnà sí ti bàtà tí a ní láti rí amọṣẹ́ kí a tó lè lò ó.

Nítorí irú èsì báyìí ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ní Amẹ́ríkà kò fi gba aláìsàn nímọ̀ràn láti ra bàtà tí a tún ṣe tàbí ìtẹ́lẹ̀ alápá-gíga nínú ìlànà wọn ti ọdún 2019. Wọn kò sọ pé bàtà kò ṣe pàtàkì. Wọ́n sọ pé ó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìwádìí kò tíì fi irú kan pàtó hàn gẹ́gẹ́ bí ọba gbogbo wọn. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2022 pẹ̀lú ní kí a má ṣe máa pín ìtẹ́lẹ̀ bàtà fún gbogbo aláìsàn orúnkún bí ẹni pín ẹ̀pà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé bàtà wá sí ọjà, sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí sí ẹgbẹ́ yín, tí ó ní ó ń wo làkúrègbé sàn, tàbí pé ó ní òkúta tàbí irin òòfà nínú tí yóò mú ìbòrí eegun hù padà, ẹ má fi owó oúnjẹ rà á. Kò sí bàtà tí ó ń mú ìbòrí eegun hù.

Bí a ṣe lè yan bàtà

Ẹ ra bàtà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Ẹ wọ méjèèjì, ẹ dìde, ẹ rìn. Ó yẹ kí ààyè tí ó tó ìbú àtàǹpàkò wà láàárín ìka tí ó gùn jù àti orí bàtà. Ẹ fi ọwọ́ fún ẹ̀yìn bàtà níbi tí ó ti di gìgísẹ̀ mú: bí ó bá wó pẹ̀tẹ̀, kò dára tó. Ẹ di orí àti ìdí bàtà mú kí ẹ gbìyànjú láti lọ́ ọ bí ẹni fún aṣọ: kò yẹ kí ó lọ́. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́: níbi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti tẹ̀, kì í ṣe ní àárín. Kí ó ní okùn tàbí ìdè tí yóò mú un lẹ́sẹ̀, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, kí ó má sì ga.

Kò pọn dandan kí ó jẹ́ tuntun. Bàtà òkìríkà tí ó ní gbogbo ohun wọ̀nyí sàn ju tuntun tí kò ní wọn lọ, ṣùgbọ́n ẹ yí ìdí rẹ̀ wò ná. Bí ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín bá ti jẹ ẹ́ lápá kan, ìrìn tirẹ̀ ni ẹ óò máa rìn. Bàtà tí ó wà nílé tí ó ti jẹ, ẹ gbé e fún ṣúṣáínà tí ń kiri kó pààrọ̀ gìgísẹ̀ rẹ̀. Owó rẹ̀ kì í tó ti oògùn ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn aránbàtà wa, láti Aba dé Muṣin, lè so ìdè mọ́ ẹ̀yìn sálúbàtà kí ó má baà máa yọ, kí aláìsàn má sì máa fi ìka ẹsẹ̀ dì í mú bó ti ń rìn. Fún ìyá tí ó ń dúró lọ́jà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ kékeré yìí lè jẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí ó tóbi jù nínú gbogbo ohun tí a ti sọ.

Àwọn tí ó wà nínú ìwádìí wọ bàtà wọn fún wákàtí mẹ́fà lóòjọ́. Àwa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, a ń bọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí, ọ̀pọ̀ wa sì ń fi ẹsẹ̀ lásán dáná. Kò sí ẹni tí ó ní kí a gbé ẹrẹ̀ wọ yàrá. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè ya bàtà kan sọ́tọ̀ fún inú ilé nìkan, èyí tí kò ní kan ìta láéláé. Bí ìkúnlẹ̀ bá sì ti di ìyà, kí a jókòó lórí àga gbàdúrà. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó rí àgbà tí kò lè kúnlẹ̀ kí ènìyàn má sì ka ìyẹn sí àìmọ̀wàáhù.

Ọ̀rọ̀ Chicago nípa àìwọ bàtà ni ẹ ṣọ́ra fún jù, nítorí pé òun ni ó rọrùn láti gbọ́ lódì. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ rìn láìwọ bàtà, bó ti wù kí orúnkún rẹ̀ máa dùn tó. Ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ti kú. Ìṣó lè gún un láàárọ̀ kó má mọ̀ títí di alẹ́, irú egbò bẹ́ẹ̀ sì ń yọrí sí gígé ẹsẹ̀. Kí ó máa fi ọwọ́ wá inú bàtà kí ó tó wọ̀ ọ́. Àwọn yòókù pẹ̀lú, ẹ rántí pé ìṣó, àfọ́kù ìgò àti aràn tí ń gba awọ ẹsẹ̀ wọlé wà nínú ilẹ̀ tiwa. Ilẹ̀ yàrá ìwádìí kò ní wọn.

Ohun tí bàtà kò lè ṣe

Eré ìdárayá ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ síwájú, ẹ fún iṣan itan pọ̀, ẹ ka ení dé àrún, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dìde lórí àga kí ẹ sì tún jókòó láìfi ọwọ́ tì, iye tí agbára bá mọ. Bí ó bá dùn díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe pé orúnkún ń bàjẹ́. Oníṣẹ́ físíòtẹ́rápì lè kọ́ yín ní èyí tí ó bá ara yín mu. Ó wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba, ó sì wà ní àwọn ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ bíi ti Ìgbóbí ní Èkó, ti Enugu àti ti Dala ní Kano. Aláìsàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ, tàbí tí orúnkún rẹ̀ ń yẹ̀ lójijì, irú ibẹ̀ ni kí a darí rẹ̀ sí. Òun ni ó lè nílò bàtà tí a dìídì ṣe.

Fún ẹni tí ó sanra, ìwádìí tí a ṣe lára àwọn àgbàlagbà 142 tí ó jáde ní ọdún 2005 fi hàn pé kílò kan tí ó bá kúrò lára ń mú ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ kúrò lórí orúnkún ní gbogbo ìṣísẹ̀.

Ọ̀pá ńkọ́? Ó ń tini lójú, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ òdìkejì ni a fi ń mú un: bí orúnkún ọ̀tún bá ń dùn, ọwọ́ òsì ni. Kí orí ọ̀pá dé ọrùn ọwọ́ nígbà tí a bá dúró tí apá sì wà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń mú un sí ẹ̀gbẹ́ tí ó ń dùn gan-an, ìyẹn ni wọ́n sì fi ń sọ pé kò wúlò.

Oògùn ìrora tí a ń rà lẹ́nu ọ̀nà láìsí ìwé dókítà lè dá egbò sínú, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè bí a bá ń lò ó lójoojúmọ́.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera: ẹ ní kí aláìsàn gbé bàtà tí ó ń wọ̀ jù wá, kì í ṣe èyí tí ó ń wọ̀ lọ sí òde. Ẹ gbé e sórí tábìlì kí ẹ wo bí ìdí rẹ̀ ti jẹ. Ẹ béèrè ìrora rẹ̀ nígbà ìrìn láti òdo dé mẹ́wàá, ẹ kọ ọ́ sínú káàdì, ẹ yí bàtà padà, kí ẹ sì tún béèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí bàtà tuntun bá mú ìrora wá síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, kí ó bọ́ ọ.

Ẹ má ṣe dúró de bàtà, eré ìdárayá tàbí ọ̀pá bí orúnkún bá wú lójijì tí ó sì gbóná, pàápàá bí ibà bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí aláìsàn kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ó ṣubú. Bí ìrora bá ń jí i lójú oorun lóru tí ó sì ń rù. Tàbí bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ SS, nítorí pé eegun irú wọn lè kú tàbí kí kòkòrò wọ inú rẹ̀, ọmọdé ni wọ́n tàbí àgbà. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n lọ lọ́jọ́ náà gan-an.